Offset: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń bá àwọn èèyàn wo Gẹ̀ẹ́sì wọn kí wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́, lẹ́tà sí báǹkì, íméèlì sí yunifásítì, ìwé ìtọrọ owó, gbogbo ẹ̀ ṣá. Offset wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fa ìlà sí nídìí jù. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà le, ó kàn jẹ́ pé ohun tí àwa ń fi ṣe nílé àti ohun tí àwọn tó ni èdè ń fi ṣe ti yàtọ̀ síra. Mo ti kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, ẹ wá èyí tó kàn yín.

Kí ló túmọ̀ sí gan-an?

Nǹkan kan ń mú lọ́wọ́ yín, nǹkan mìíràn ń dá a padà. Tí èyí tó ń dá a padà yẹn bá mú kí ìnira èyí tó ń mú dín kù, tàbí kó tán pátápátá, wọ́n á ní ó ti offset ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé epo bẹntiróòlù gbówó lórí, ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ wá fi nǹkan kún owó oṣù yín. "The pay rise offset the higher cost of fuel." Epo ò wálẹ̀ o, iye tí wọ́n ń tà á ni wọ́n ṣì ń tà á, owó tó wọlé lápá kejì ló jẹ́ kó ṣeé fara dà.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ọ́n nìyẹn, apá méjì ló gbọ́dọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá ka gbólóhùn yín tán tó jẹ́ apá kan ṣoṣo lẹ rí, offset kọ́ lọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń wá.

Ṣé apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba ni?

Rárá. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí "partly offset" nínú ìròyìn ọrọ̀ ajé, pé ó dí díẹ̀ lára ihò yẹn àmọ́ kò dí i tán, ẹ ó sì rí "more than offset" nígbà tí èyí tó wọlé bá ju èyí tó jáde lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fẹ́ràn àkọ́kọ́ yẹn gan-an nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé ìdí tí èrè wọn fi kéré: "Higher sales were partly offset by the weaker naira." Ọjà tà lóòótọ́, náírà tó já wálẹ̀ ló wá jẹ lára ẹ̀. Ẹ sì wò ó dáadáa, nínú gbólóhùn yẹn ohun tó dáa ni wọ́n offset, ohun tí ò dáa ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun burúkú nìkan lèèyàn lè offset, kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjèèjì ló ń gbà.

Ní Nàìjíríà a máa ń sọ pé "offset the bill". Ṣé àṣìṣe ni?

Ìbéèrè yìí ni baba gbogbo wọn.

"Please help him offset his hospital bills." "The state government has offset the arrears." "I have offset my school fees." Kò sí ẹni tó gbé Nàìjíríà tí ò tíì gbọ́ ọ rí. Ìwé ìròyìn á kọ ọ́, alága káńsù á sọ ọ́, akápò ẹgbẹ́ á dìde nípàdé, á ní àwọn ti offset owó kánópì àti àga tí wọ́n yá nígbà àríyá ọjọ́sí. Ohun tí gbogbo wọn ní lọ́kàn ni pé wọ́n ti san owó náà, ó ti kúrò nílẹ̀.

Èmi ò ní pè é ní àṣìṣe o. Tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn bá ń lo ọ̀rọ̀ kan bákan náà, tí wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé láìsí ìjà, ó ti di tiwọn nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni, òun àti "he is not on seat" àti "I will flash you". Bí mo ṣe rò pé ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni inú ìwé ìṣirò owó, torí akọ̀wé owó á kọ gbèsè sápá kan, á kọ owó tí wọ́n san sápá kejì, èyí á pa ìyẹn, báláǹsì á di òdo, nítorí náà lójú akọ̀wé owó apá méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì bá a mu. Àwa ìyókù gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, a wá rò pé owó tí èèyàn san gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn ṣá.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má retí pé ẹni tó wà lókè òkun máa mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kìíní 2020, Oxford English Dictionary kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 sínú ìwé wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Okada wà níbẹ̀, danfo wà níbẹ̀, "next tomorrow" tí àwọn tíṣà máa ń torí ẹ̀ na ọmọ wà níbẹ̀. Offset tiwa ò sí lára wọn.

Kí ló burú níbẹ̀ tí mo bá kọ ọ́ sí ẹni tó wà ní London?

Ó lè yí ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn padà pátápátá, ìyẹn ni mo ṣe máa ń pariwo.

Ẹ wo ọmọ kan tó ń gbé ilé rẹ́ǹtì ní London. Owó ilé ti pẹ́ díẹ̀, ó wá kọ íméèlì sí onílé pé: "Good morning sir, I will offset the rent on Monday." Ohun tó ń sọ ni pé òun á san án lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ohun tí onílé kà ni pé ọmọ yìí ò fẹ́ san, ó fẹ́ kí òun yọ owó ilé nínú owó ìdógò tó wà nílẹ̀, torí pé ní Britain "offset the rent against the deposit" jẹ́ nǹkan tí àwọn ayálégbé máa ń gbìyànjú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó jáde, àwọn onílé sì kórìíra ẹ̀ gan-an. Láti 2007 ni òfin ti ní kí onílé ní England máa fi owó ìdógò sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí, nítorí náà owó yẹn kì í ṣe ohun tó kàn máa na ọwọ́ sí nínú àpò ẹ̀ kó mú. Onílé á ti bínú dé góńgó kó tó fèsì, ọmọ yìí ò sì ní mọ ohun tó ṣe, torí ìwà ọmọlúàbí ló rò pé òun hù, ó ṣáà sọ ọjọ́ tí òun máa sanwó, ó tún pe bàbá náà ní sà.

Ti ilé ìwé náà ò yàtọ̀. "My father will offset the balance by Friday." Ẹni tó ń gba owó ní yunifásítì á fèsì pé against what? Kì í ṣe pé ó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó ń wá apá kejì ni. Ó rò pé bóyá sikọ́láṣíìpù kan wà tí bàbá yín fẹ́ kí wọ́n fi yọ owó náà, á sì máa wá a kiri nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí ọjọ́ ń lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ ni "pay". "I will pay the rent on Monday." Ó ti tán. Tó bá jẹ́ gbèsè tó ti pẹ́ nílẹ̀, "pay off" tàbí "clear" dáa. "Settle" náà dáa lọ́hùn-ún, "settle the bill" ni wọ́n máa ń sọ ní ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì, nílé níbí ni settle ti ní wàhálà tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní ẹ ti settle ọlọ́pàá tó wà lójú títì gbogbo wa la mọ ohun tẹ́ ẹ ń wí.

Against, by, with, for: èwo ni mo máa fi tẹ̀ lé e?

Ẹ lè má fi nǹkan kan tẹ̀ lé e rárá: "The gains offset the losses." Tẹ́ ẹ bá yí i padà, by ló ń gbà: "The losses were offset by the gains." Tó bá jẹ́ ìwé owó, tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé ẹ gbé iye kan ti iye kan kí wọ́n lè yọ ọ́, against ni: "You can offset the deposit against the final invoice." With náà ń wọlé nígbà tí èèyàn bá ń sọ ohun tó fi ṣe é.

"Offset for" ni kẹ́ ẹ sá fún. Compensate ló ni for, "make up for" náà ní in, ó dà bíi pé àwọn èèyàn máa ń pa wọ́n pọ̀ lórí ahọ́n ni.

Offsetted ńkọ́?

Kò sí. Bí "set" ṣe wà lánàá ló wà lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni "put" àti "cut". "Last year the company offset its losses." Tẹ́ ẹ bá fi -ing kún un, t máa di méjì, offsetting. Tí kọ̀ǹpútà yín ò bá fa ìlà pupa sábẹ́ offsetted, ẹ má gbà á gbọ́.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ àti counterbalance, compensate, cancel out, àwọn yẹn?

Wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà ni, wọn ò sùn sílé kan náà.

Counterbalance ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé torí ó ṣeé fojú rí. Tẹ́ ẹ bá wọ ẹlifétọ̀ ní ilé gogoro kan, okùn irin tó gbé àpótí tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ gba orí àgbá kan kọjá lókè, ó sì so mọ́ irin ńlá kan tó ń lọ sókè sódò lẹ́yìn ògiri níbi tẹ́ ẹ ò ti lè rí i. Tẹ́ ẹ bá ń gòkè, irin yẹn ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n máa ń jẹ́ kó wúwo tó àpótí náà gan-an, kí wọ́n tún fi bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tí ẹlifétọ̀ lè gbé kún un, kó fi jẹ́ pé ẹńjìnnì ò ní máa gbé gbogbo ìwọ̀n yẹn fúnra ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì nìkan ló máa ń bá jà. Counterbalance gan-an nìyẹn, ìwọ̀n ń dojú kọ ìwọ̀n, méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn di ara wọn mú ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó fún nǹkan tí ò ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ lò ó fún agbára, èrò, ìwà: "Her patience counterbalances his temper." Tó bá jẹ́ owó, ó máa ń dún bí ẹni wọ agbádá lọ ra búrẹ́dì. Offset ni kẹ́ ẹ fi sọ ti owó.

Compensate, èèyàn ló máa ń wà níbẹ̀. Ìjọba wó ilé yín kí wọ́n lè la títì, wọ́n gbọ́dọ̀ compensate yín, ẹnì kan ò lè offset yín. "Make up for" ni ti ẹni tó ń bẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀, "let me make up for yesterday", kẹ́ ẹ má lọ kọ offset sí olólùfẹ́ yín lórí WhatsApp o, á rò pé ẹ̀ ń ṣe ìṣirò fún òun. Cancel out ni tí méjèèjì bá di òdo, tí kò ku nǹkan kan. Outweigh ni tí ìkan bá borí ìkejì. Counteract wọ́pọ̀ fún oògùn àti oró.

Offset, off-set, set off, set-off, orí mi ti ń dàrú.

Off-set tó ní àlà láàárín, ẹ gbàgbé ẹ̀, wọ́n ti so ó pọ̀ tipẹ́. "Set off" tó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì ni kí èèyàn gbéra ìrìn àjò, tàbí kó mú kí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dún, "the smoke set off the alarm".

Set-off ni tàwọn lọ́yà, ìtàn tó wà nídìí ẹ̀ sì dùn. Ní England ayé ìgbà kan, ẹni tó bá jẹ gbèsè lè wọ ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n gidi, kó wà níbẹ̀ títí ìdílé ẹ̀ á fi rówó. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó sọ yín sẹ́wọ̀n náà jẹ yín lówó. Ẹ jẹ ẹ́ ní 50, òun náà jẹ yín ní 45, ẹ wà lẹ́wọ̀n nítorí 50 yẹn, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gba 45 yín ẹ máa pe ẹjọ́ tiyín lọ́tọ̀, látinú ẹ̀wọ̀n. Láàárín 1729 sí 1735 ni ilé aṣòfin wọn ṣe òfin pé tí èèyàn méjì bá jẹ ara wọn ní gbèsè, wọ́n lè gbé ìkan ti ìkejì nílé ẹjọ́ kó jẹ́ pé ìyókù nìkan ni wọ́n á máa jà sí. Òfin set-off nìyẹn. Ní ìparí ọ̀rúndún yẹn kan náà ni offset tó túmọ̀ sí kí nǹkan dí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé, ẹ ṣáà rí i pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ti apá méjì yẹn ti wà níbẹ̀.

Àwọn báǹkì ṣì ń lo ẹ̀tọ́ yìí dòní. Tẹ́ ẹ bá yáwó ní báǹkì kan tẹ́ ẹ ò san án, tẹ́ ẹ wá ní owó nínú àkáǹtì mìíràn níbẹ̀ kan náà, wọ́n lè yọ ọ́. Báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà tún mú un gbòòrò ní 2020 pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní GSI, tó jẹ́ pé báǹkì tẹ́ ẹ jẹ lówó lè mú un nínú àkáǹtì yín ní báǹkì mìíràn. Tẹ́ ẹ bá rí alááàtì owó tẹ́ ẹ ò mọ̀dí, ẹ kọ́kọ́ rántí owó tẹ́ ẹ yá.

Akáńtáǹtì mi ní òun máa offset VAT mi. Ṣé ó fẹ́ bá mi san án ni?

Rárá o, ẹ má tíì dúpẹ́. Ohun tó ń sọ bófin mu, ìlò tó sì pé jù lọ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀.

VAT ní Nàìjíríà jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì 2020. Ká ní ẹ̀ ń ta fáànù. Ẹ ra fáànù mílíọ̀nù kan náírà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, wọ́n gba VAT lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀, 75,000. Ẹ tà wọ́n ní mílíọ̀nù kan àti irínwó ẹgbẹ̀rún, ẹ̀yin náà gba VAT lọ́wọ́ àwọn tó rà á, ó jẹ́ 105,000. Owó 105,000 yẹn kì í ṣe tiyín, ti ìjọba ni, ṣùgbọ́n ẹ ti san 75,000 tẹ́lẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń rajà. Akáńtáǹtì á wá gbé 75,000 ti 105,000, á yọ ọ́, 30,000 tó ṣẹ́kù lẹ máa kó fún ìjọba. "The input VAT is offset against the output VAT." Tí risíìtì tẹ́ ẹ fi rajà bá ti sọnù, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa gbé ti nǹkan, gbogbo 105,000 lẹ máa kó sílẹ̀, ìyẹn ló fi máa ń pariwo risíìtì mọ́ yín létí.

Ti withholding tax náà rí bẹ́ẹ̀, èyí tí oníbàárà yín ti yọ ránṣẹ́ síjọba ṣáájú ni wọ́n á fi dín owó orí tẹ́ ẹ máa san lópin ọdún kù.

Offset mortgage tí àwọn ará wa ní UK ń sọ ńkọ́?

Ẹ yá 200,000 pọ́ùn ra ilé. Ẹ ní 30,000 pọ́ùn nípamọ́ ní báǹkì kan náà. Wọ́n á so méjèèjì pọ̀, èlé tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín á jẹ́ ti 170,000 nìkan. Owó ìpamọ́ yín ò ní mú èlé wá fún yín, ṣùgbọ́n ẹ lè mú un nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́. Wọ́n ní in dáadáa ní Australia náà. Bóyá ó sàn fún yín tàbí kò sàn, ẹ bi ẹni tó mọ̀ nípa yíyá owó ilé, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni tèmi.

Carbon offset wá ńkọ́, ṣé òun náà ni?

Òun náà ni, ó kàn ti di ọjà. Ilé iṣẹ́ kan ń tú èéfín sójú sánmà, kò lè dáwọ́ ẹ̀ dúró tàbí kò fẹ́, ó wá ń sanwó fún ẹlòmíì níbòmíì kí tọ̀hún gbin igi tàbí kó dín èéfín tiẹ̀ kù. Ẹyọ kan tí wọ́n ń tà dúró fún tọ́ọ̀nù kan carbon dioxide. Ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ni ti ilé iṣẹ́ iná AES ní Amẹ́ríkà, ìparí ọdún 1980 sí 1989 ni, wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ iná tó ń jó èédú ní Connecticut, wọ́n wá sanwó kí àwọn àgbẹ̀ máa gbin igi ní Guatemala. Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ atmosfair ti Jámánì ti fi owó irú ẹ̀ pín sítóòfù onígi tí wọ́n ń pè ní Save80 fún àwọn ìyálé lápá àríwá, igi ìdáná díẹ̀ ló máa ń jẹ, orúkọ ẹ̀ náà sì ti sọ fún yín pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún igi ni wọ́n ní ó lè dá sí.

Lójú tèmi o, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń ṣìnà jù nìyí. Ó jọ ẹni tó ń mutí yó lójoojúmọ́ tó wá ń sanwó fún aládùúgbò ẹ̀ kó má mu. Tó bá jẹ́ pé aládùúgbò yẹn ò tiẹ̀ fẹ́ mutí tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n offset? Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n bi ní 2023 nígbà tí ìwé ìròyìn Guardian ti Britain àti Die Zeit ti Jámánì gbé ìwádìí jáde pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyọ igbó kìjikìji tí Verra, àjọ tó ń yẹ irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ wò, fọwọ́ sí ò dúró fún èéfín kankan tó dín kù. Verra ní kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé nípa ẹ̀, ẹ kọ "the company bought credits to offset its emissions", ìyẹn sọ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Tẹ́ ẹ bá kọ "the company offset its emissions", ẹ ti bá wọn jẹ́rìí nìyẹn.

Ní Ṣómólú wọ́n bi mí bóyá offset tàbí DI ni mo fẹ́ fi tẹ ìwé mi. Kí ló kan èyí kan ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìtumọ̀ ló yàtọ̀. Offset tibí yìí ni pé íńkì ò gba orí pílétì bọ́ sórí pẹ́pà tààrà, ó kọ́kọ́ bọ́ sórí rọ́bà, rọ́bà ló wá gbé e lé pẹ́pà. DI ní tiẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tààrà láti orí kọ̀ǹpútà.

Àwọn ará England ti ń ṣe irú ẹ̀ sára páànù láti 1875, Robert Barclay ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀, torí páànù le, òkúta tí wọ́n fi ń tẹ̀wé nígbà yẹn náà le, líle méjì ò ṣeé pa pọ̀. Ti pẹ́pà ni ìtàn ẹ̀ wá dùn. Nǹkan bí 1904, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ira Rubel ní ìlú Nutley, ní New Jersey, ń tẹ̀wé lọ lórí ẹ̀rọ tó ní rọ́bà lápá kan. Nígbà míì ẹni tó ń fi pẹ́pà sí i á gbàgbé, ẹ̀rọ á yí lófìfo, íńkì á lẹ̀ mọ́ rọ́bà, pẹ́pà tó bá tẹ̀ lé e á sì ní ìwé níwájú àti lẹ́yìn, ó ti bà jẹ́. Rubel wá wò ó pé ẹ̀yìn tí rọ́bà tẹ̀ yẹn mọ́ ju iwájú tí òkúta tẹ̀ lọ. Ó fi ẹ̀rọ tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ jókòó, bó ṣe di iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń ṣe nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá dé Ṣómólú tàbí Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ẹ máa gbọ́ Kord, ẹ máa gbọ́ GTO, ẹ̀rọ Heidelberg ti Jámánì ni wọ́n. Pílétì mẹ́rin ni aláwọ̀ máa ń jẹ, owó pílétì yẹn lẹ sì máa san yálà ìwé 50 lẹ fẹ́ tẹ̀ àbí 5,000. Nítorí náà tó bá jẹ́ ìwé ìpè ìkómọ 50, ẹ ní kí wọ́n fi DI ṣe é. Tó bá jẹ́ ìwé kíkà ẹgbẹ̀rún méjì, offset ló máa dín owó kù.

Ṣé ìtumọ̀ mìíràn ṣì wà?

Ó wà. Nínú Excel, =OFFSET(A1,3,2) á bọ́ sísàlẹ̀ ìlà mẹ́ta láti A1, á sún sọ́tùn-ún ìlà méjì, á mú ohun tó bá wà ní C4 wá fún yín. Àwọn tó ń ṣọ̀gbìn òdòdó ń pe ọmọ tó hù nídìí aloe ní offset. Páìpù tó bá ṣẹ́ kọ́nà díẹ̀ kó lè yẹ ògiri, òun náà ni. Gbogbo wọn ni nǹkan tó kúrò lójú ìlà díẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá ńkọ́?

Ẹ má wá ọ̀rọ̀ kan tó máa ṣe gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ owó, "yọ ọ́" ló máa ń ṣe é. Télọ̀ tó rán búlàúsì fún ìyá aláṣọ, tó sì ti gba ànkárá àwìn lọ́wọ́ wọn, á kàn ní "Màámi, ẹ yọ ọ́ nínú owó yín tó wà lọ́wọ́ mi", kò sí lọ́yà tó lè ṣàlàyé set-off jùyẹn lọ. Tó bá jẹ́ àdánù àti èrè, "èrè yìí bo àdánù yẹn" tàbí "ó dí i". Tó bá jẹ́ ìwọ̀n, "ó mú un dọ́gba".

Offset olórin Amẹ́ríkà yẹn, èwo ni tiẹ̀ nínú gbogbo èyí?

Ti Migos? Kiari Cephus lorúkọ ẹ̀. Ẹ fi offset tiẹ̀ sílẹ̀ fún un jàre, orúkọ èèyàn ò gba gírámà.